Ọ̀rọ̀ Iná Tó Gba Ẹnu Ọkọ Kọjá

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ènìyàn létí, láìfi bọpobọyọ̀, pé Felicia Oyèwálé kì í wo ojú ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó wo ẹnu ṣímìnì ilé rẹ̀, ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé. Bó bá ti jí, bó ti wù kí òtútù mú tó, yóò ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, yóò ta aṣọ ìbora léjìká, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, yóò sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wo àsíá ìjọba. Bó bá jẹ́ èéfín aláwọ̀ eérú ló ń wọ́ jáde níbẹ̀, ó di dandan kí ẹnì kan nínú ilé gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí nǹkan kan ju atẹ́gùn gbígbóná tó ń mú kí ojú ọ̀run máa gbọ̀n rìrì, yóò padà wọlé, yóò sì kí ọkọ rẹ̀ káàárọ̀. Àwọn tó mọ ilé wọn ní Landover, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, sọ pé ọkọ náà, Díákónì Ọlájídé, kì í tan tẹlifíṣọ̀n láti mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí wọ́n bá ti kí i, ó ti mọ̀.

Ẹ má fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó bá mọ iná mọ̀ pé èéfín kì í ṣe ọlá iná. Èéfín ni igi tí kò rí ibi jó, tó wá sá gba orí òrùlé lọ. Kí ènìyàn gé igi, kó là á, kó tò ó, kó gbé e wọlé, kó wá di kùrukùru tí aládùúgbò ń wú kọ́ sí, Felicia ò rí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti kí ènìyàn se ọbẹ̀ tán kó dà á sí gọ́tà. Iṣẹ́ láàbù ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì jọ pé ojú rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan ńlá di kékeré mọ́.

Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe ìbínú aláriwo. Ariwo máa ń tán. Ìbínú Felicia máa ń jókòó, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa kẹ́kọ̀ọ́.

Sítóòfù tó wà nídìí èéfín yìí, ààrò onírin tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná, òun kọ́ ló rà á. Inú ilé ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n ra ilé: irin dúdú, oníkùn rọ̀gbọ̀dọ̀, dígí lójú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó lè jẹ igi, ó sì lè jẹ èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu. Ẹni tó ta ilé fún wọn ní ọ̀ṣọ́ ni. Ọlájídé, ẹni tó máa ń gba ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀rín sọ fún un, gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Ìkòkò náà wà níbẹ̀ títí di ìgbà òtútù ọdún 1994, nígbà tí yìnyín wó wáyà iná mànàmáná lulẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Hítà kú. Ilé di fìríìjì. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Fisáyọ̀, tó ní ikọ́ fée, bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí fèrè tó ti là. Felicia gbé ìkòkò òdòdó kúrò, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọ̀ṣọ́ yìí máa ṣiṣẹ́ lónìí."

Kò ṣiṣẹ́. Igi tútù ni wọ́n kì sí i, èéfín kún pálọ̀, gbogbo wọn sì sá jáde sórí yìnyín. Ibẹ̀ ni ìbínú ti jókòó, tó fọwọ́ lẹ́rán. Felicia bi ọkùnrin tó ń gbá ṣímìnì léèrè ọ̀rọ̀. Ó bi Jessica, aládùúgbò wọn, tí bàbá rẹ̀ fi èédú yá iná ní òkè West Virginia ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó sun igi, ó bà á jẹ́, ó tún un sun. Nígbà tí ọdún fi yí po, ó ti mọ̀ pé igi fẹ́ kí eérú díẹ̀ tẹ́ sábẹ́ òun, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba òkè wọlé bá òun. Pé èédú kò fẹ́ rí eérú lábẹ́ rẹ̀ rárá, nítorí ìsàlẹ̀ ló ti ń mí. Ìdí nìyẹn tí sítóòfù náà fi ní ihò afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ni o, èédú ni o, ohun kan náà ni wọ́n jọ ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má fún àwọn lọ́rùn. Iná tó bá gbóná dáadáa á jó igi, á sì tún jó èéfín igi náà. Kí wọ́n fi igi gbígbẹ díẹ̀ sí i, kó jó geere, kí wọ́n tún fi díẹ̀ sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó jó tán, kó kú, kí oníkálukú lọ sùn.

Láti ìgbà náà, ilé wọn gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ínhélà tí Fisáyọ̀ fi ń fa oògùn sáyà sì ń sùn nínú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí ewé igi ń pọ́n lọ́dún 1995, ìyá Ọlájídé dé láti Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ ká fún Màmá ní ẹ̀tọ́ wọn. Wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ iná. Olórí alásè ni wọ́n jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan, wọ́n sì fi ẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé iná kú mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Bí oúnjẹ alẹ́ bá ti tán, wọn á kó ẹ̀yín iná jọ, wọn á fi eérú bò ó bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ. Ní ìdájí, wọn á tú u, wọn á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, iná á là. Àwọn tíṣà gan-an máa ń wá bu iná lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó tó bá jẹ́ kí iná kú mọ́jú, tó wá ń wá ìṣáná kiri láàárọ̀, lójú Màmá, kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbàgbé ọmọ sí ọjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n jókòó síwájú sítóòfù, wọ́n wò ó títí.

"Ìyàwó, ta ló ń bójú tó iná yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"O káre. Ìgbà wo lẹ máa ń bò ó?"

"A kì í bò ó, Màmá. A máa ń jẹ́ kó jó tán ni."

"Kó kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá yíjú wo ọmọ wọn bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ní Amẹ́ríkà, wọn kì í sin òkú. Nígbà tí oníkálukú ti wọ yàrá, wọ́n ki ìtì igi ńlá kan bọ inú sítóòfù, wọ́n ti ihò òkè, wọ́n ti ti ìsàlẹ̀, wọ́n da eérú bò ó, wọ́n sì lọ sùn bí ẹni tó ti ṣe ilé ọmọ rẹ̀ lóore.

Láàárọ̀, Felicia jáde, ó gbójú sókè. Èéfín ń rọ́ jáde bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja. Ó wọlé, dígí sítóòfù ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Fisáyọ̀ ń wú kọ́ ní yàrá rẹ̀. Màmá kúnlẹ̀ síwájú sítóòfù, wọ́n tú eérú, ẹ̀yín iná yọ pupa, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí ìyàwó wọn.

"Wò ó! Kò kú."

Felicia ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyá tirẹ̀ ti fà á sí kọ̀rọ̀ ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó bá dùn, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ. Èyí tó bá korò, jẹ́ kó gba ẹnu ọkọ rẹ kọjá. Ọmọ ló lè sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ìyá rẹ̀ kí ìyá fi ṣe ẹ̀rín." Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ohun tí ìyá náà kò sọ ni irú ọkọ tí wọ́n ń rán.

Nítorí Díákónì Ọlájídé, onílàjà ni. Òun ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya fún nínú ìjọ wọn. Yóò gbọ́ tọkùnrin lọ́tọ̀, yóò gbọ́ tobìnrin lọ́tọ̀, yóò wá sọ fún oníkálukú ní kọ̀rọ̀ pé ẹnì kejì ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ìjà á parí lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ tirẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí Felicia ṣe ń gbé e lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́. Níwájú Màmá, "ẹ" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀. Nínú mọ́tò, kò sí Màmá.

"Ọlájídé, bá màmá ẹ sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ti afẹ́fẹ́ iná pa. Igi ò jó mọ́jú, ó kàn ń rùn ni. Èéfín tútù ò lè gòkè dáadáa, ara ṣímìnì ló máa lẹ̀ mọ́, á di ọ̀dà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dà yẹn á gbiná. Kó tó gbiná, àyà Fisáyọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i. O ò gbọ́ bó ṣe ń wú kọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Fọkàn balẹ̀. Màá fọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn."

"Má fọgbọ́n sọ ọ́. Fẹnu sọ ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jíṣẹ́. Ó ní Màmá ti gbọ́, pé inú wọn dùn, pé wọ́n ní kóun bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó àwọn. Inú Felicia yọ́. Ó tẹ ẹ̀bà fún Màmá, ó fi ẹran tó ní eegun sínú ọbẹ̀ wọn, nítorí ó mọ̀ pé Màmá fẹ́ràn eegun. Lọ́jọ́ kejì, ó jáde, ó gbójú sókè. Èéfín.

"Àgbàlagbà ni wọ́n," Ọlájídé sọ nínú mọ́tò. "Wọ́n gbàgbé ni. Màá tún sọ ọ́."

Ó tún sọ ọ́. Èéfín tún pọ̀ sí i. Bí Felicia bá ránṣẹ́ pé kí Màmá jọ̀ọ́ má kó eérú lónìí torí igi ni wọ́n máa sun, kí wọ́n bá òun kó o lọ́la torí èédú ló kàn, Màmá á ṣe é, wọn á sì tún fi kún un: wọn á kó eérú, wọn á ti ihò òkè, wọn á ti ti ìsàlẹ̀, wọn á wá fi àkísà tútù dí etí ilẹ̀kùn sítóòfù. Bí iṣẹ́ tó ń rán ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń mú un le sí i. Felicia wá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní kì í ṣe ìgbàgbé. Ó ní ìkà ni. Ó ní obìnrin yìí ti mọ̀ pé èéfín ń pa ọmọ òun, ó sì ń fi ẹ̀rín pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ fún Màmá láìwo ojú wọn. Màmá náà ń wò ó, wọ́n ń wú. Ilé dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti fẹ́ gbé òkú jáde.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ọlájídé lọ ra igi lẹ́bàá ọ̀nà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kó o sẹ́yìn ọkọ̀, tó sì ní igi náà ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń tò ó sẹ́yìnkùlé, Màmá mú èyí kan, wọ́n gbá a mọ́ èkejì, ó dún gbì. Wọ́n jù ú sápá kan. Felicia mú òmíràn, ó gbá a, ó dún gbì, ó jù ú síbi kan náà.

Màmá ní, "Èyí ṣì ń mumi láti gbòǹgbò."

Felicia rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n, bí Ọlájídé ṣe yọ sí wọn nìyẹn, tó ń fọwọ́ pa àwọn méjèèjì léjìká.

"Ẹ wá wo bẹ́ẹ ṣe mọwọ́ ara yín! Èyí ló ń múnú mi dùn."

Felicia pa ẹnu dé.

Kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n gbé Fisáyọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àyà ọmọ ń fọn bí kẹ́tùlù. Dókítà bi wọ́n pé ṣé ẹnì kan ń fa sìgá nínú ilé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Felicia dáhùn. "Ilé náà ni."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí èéfín náà kò bá dúró, ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbé níbẹ̀ mọ́. Felicia délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó kojú ọkọ rẹ̀.

"Ọlájídé, gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá tún rí èéfín lẹ́nu ṣímìnì yẹn lẹ́yìn ọdún tuntun, màá kó ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Seat Pleasant. Mi ò ní padà. Ìwọ àti màmá ẹ àti sítóòfù, kẹ́ ẹ máa bo ara yín."

"Kò ní dé ibẹ̀. Lónìí yìí ni màá yanjú ẹ̀."

Ó yanjú ẹ̀. Bí Màmá ṣe jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá ìyàwó wọn nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì sọ ohun tí Felicia ò lóye rárá: "Má ṣèyọnu. Mo ti gbọ́. Gbogbo ẹ̀ pátá ni màá máa bá ọ ṣe."

Lẹ́yìn náà ni sínóò, òjò yìnyín ńlá oṣù kìíní ọdún 1996, já. Ẹni tó bá wà ní Maryland nígbà náà ò ní gbàgbé: ọ́fíìsì tì, títì pòórá, mọ́tò di òkìtì funfun. Kò sí Seat Pleasant tí ẹnikẹ́ni lè lọ. Felicia, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọmọ há mọ́ ilé kan ṣoṣo pẹ̀lú iná kan ṣoṣo. Ọ̀sán ni Felicia ń ṣí afẹ́fẹ́ iná. Alẹ́ ni Màmá ń tì í. Ọlájídé wà láàárín, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọ̀tún, ó ń sọ ọ́ sétí òsì, ó sì ń gbàdúrà kí títì tètè là.

Ìgbà tí títì wá là díẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Felicia fi igi gbígbẹ sí sítóòfù, ó ṣí i, iná sì jó bó ṣe yẹ kó jó. Ooru gòkè, ó bá ọ̀dà tí wọ́n ti ń tọ́jú sára ṣímìnì láti ìgbà tí ewé igi ń pọ́n. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú ògiri bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ wọ New Carrollton. Ògiri ń gbọ̀n. Lóde, Jessica ń kígbe: "Felicia! Ẹ jáde! Iná ti yọ lórí ilé yín!"

Felicia ti ihò òkè, ó ti ti ìsàlẹ̀ pa, nítorí pé bí iná bá ti wọ ṣímìnì, ìgbà yẹn gan-an ló tọ́ kí wọ́n fún un lọ́rùn. Ó gbá Fisáyọ̀ mọ́ra, ó ń ti Màmá síwájú. Bí wọ́n ṣe ń sáré jáde, Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi oríkì Ọlájídé pè é.

"Àjàní, ìwọ náà rí i? Òun fúnra ẹ̀ ti wá ń tì í!"

Jessica ti pe àwọn panápaná. Wọ́n dé, wọ́n gun òkè, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ilé kò jó. Fisáyọ̀ wà ní pálọ̀ Jessica, ó ń fa ínhélà, ó ń sunkún. Olórí panápaná, ọkùnrin gíga kan tó ní irùngbọ̀n funfun, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wóró nǹkan dúdú kan lọ́wọ́, tó ń dán bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ó nà án sí wọn. Èdè òyìnbó ló sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wí rèé: ẹni tó ń ti afẹ́fẹ́ iná yìí pa mọ́jú, kó má tún fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ó ní ohun tó fẹ́ sun ilé náà nìyí, òun náà ló ń jẹ àyà ọmọ yẹn.

Màmá fa aṣọ ọmọ wọn.

"Àjàní, kí ni ọ̀gá yẹn wí?"

Ọlájídé tún ohùn ṣe. "Ó ní ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń paná, òun ò tíì rí àgbàlagbà tó tọ́jú iná tó báyìí. Ó kàn ní kẹ́ ẹ máa sinmi díẹ̀, nítorí ara."

Màmá tẹ orúnkún díẹ̀ fún panápaná. "Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Kì í ṣe èmi nìkan. Ìyàwó mi yìí ló ní kí n máa bá òun ṣe é."

Panápaná rẹ́rìn-ín sí wọn, kò gbọ́ nǹkan kan. Felicia gbọ́. Ìmọ̀ràn Òkè-Àdó jábọ́ lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe ohun tó wí nìyẹn. Ó ní ẹni tó ń ti afẹ́fẹ́ iná pa ló fẹ́ sun ilé wa. Ta ló ní kí ẹ máa tì í?"

"Ta ló ní ... Felicia! Ṣebí ìwọ ni! Ìwọ lo rán ọkọ rẹ pé iṣẹ́ láàbù ń tán ọ lókun, kí n bá ọ máa bo iná. O ní mi ò dí i tó, kí n fi àkísà sí i. Lónìí o ní eérú, lọ́la o ní kò sí eérú, mo ní bóyá oyún ló ń dà ọ́ láàmú, mo ń ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀dọ̀ dókítà, o tún ní dókítà ti sọ pé ọmọ ò gbọdọ̀ jí bá òtútù, pé kí iná má kú rárá. Mo ń fi orúnkún mi tó ń ro mí kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀ lálaalẹ́, kò dùn mọ́ ọ nínú, ò ń gbé oúnjẹ fún mi bí ẹni ń gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n. Mo ní, irú ọmọ wo rèé?"

Felicia yíjú sí ọkọ rẹ̀. Díákónì ń wo táyà ọkọ̀ panápaná.

"Ọlájídé! Kí ni mo ní kó o sọ fún Màmá?"

Kò sí "ẹ" níbẹ̀ mọ́, níwájú ìyá ọkọ, ní gbangba ìta. Màmá kò tilẹ̀ kíyè sí i. Panápaná tí kò gbọ́ Yorùbá sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Àlàáfíà ni mò ń wá," Ọlájídé sọ.

"Láàárín ta àti ta?" Màmá bi í. "Ìjà wo lò ń parí láàárín èmi àti ìyàwó mi, nígbà tí a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀?"

"Màmá, mo mọ̀ pé tí mo bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan iná, ẹ máa ní Felicia ń lé yín nídìí iná ọmọ yín. Ẹ máa ní kí n dá yín padà sí Ọ̀yọ́. Mo ní bí inú yín bá ṣáà dùn ..."

"Inú mi dùn! Inú mi dùn, àyà ọmọ ń fọn!" Màmá tú gèlè lórí, wọ́n sán an mọ́ ìdí lórí sínóò, ẹni tó bá sì mọ àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ mọ ohun tí ìyẹn dúró fún. "Ọlájídé, iná ni mo wá tọ́jú ní Amẹ́ríkà àbí ọmọ ọmọ mi? Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀yín iná ṣe? Mo fẹ́ dì í sẹ́rù lọ sílé ni? O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi máa fi èéfín yan ọmọ yìí, o tún ń kí mi kú iṣẹ́!"

"Mo ní kó o fẹnu sọ ọ́," Felicia sọ. "Mo ní má fọgbọ́n sọ ọ́. Ọmọ ẹ ni, Ọlájídé! Ọmọ ẹ ni!"

Ọlájídé ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá ní bó bá tún bá àwọn túmọ̀ nǹkan kan, wóró ọ̀dà yẹn làwọn máa fi dí ẹnu rẹ̀.

Felicia mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó aṣọ Fisáyọ̀ sínú àpótí, ó ń lọ sí Seat Pleasant. Ohun tí kò sí nínú ìlérí náà ni pé nígbà tó dé ìdí mọ́tò, ó bá Màmá níbẹ̀, wọ́n ti jókòó síwájú, àpò wọn wà lórí ẹsẹ̀, wọ́n ti de bẹ́líìtì. Wọ́n ní àwọn ò lè bá òpùrọ́ gbé nínú òtútù. Ọlájídé nìkan ló kù sílé, pẹ̀lú sítóòfù tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tàn títí tí wọ́n á fi gbá ṣímìnì.

Nígbà tí wọ́n gbá a tán, àwọn obìnrin náà padà. Màmá ló dájọ́: láti ọjọ́ náà lọ, Ọlájídé ni yóò máa dáná, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ìyá lápá ọ̀tún, ìyàwó lápá òsì. "Ṣí tòkè!" "Ta ló ní kó o kó igi tó báyẹn?" "Ṣé èédú lò ń sun lórí eérú?" "Màmá, ẹ wò ó, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn!" "Mo rí i. Ọlájídé, kí lo fẹ́ bò?" Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ jóná lápá kan, ó hù padà. Iná kú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n dá. Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n to igi, ẹnu ara wọn ni wọ́n sì fi ń jà á.

Fisáyọ̀ ń sùn mọ́jú láìwú kọ́.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Díákónì dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti lo òun láti sọ ìyá òun àti ìyàwó òun di ohùn kan ṣoṣo, pé láyé òun, òun ò tíì rí ìyá ọkọ àti ìyàwó tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu tó bẹ́ẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá àti Felicia jókòó ní ìlà iwájú, wọn ò pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ẹ̀rí náà, níbo gan-an ni ọkùnrin yìí ti purọ́ níbẹ̀?